Rọ́bà Tí Mo Gé fún Àbúrò Mi

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta ọdún yìí, ìyàwó àbúrò mi kú. Òun nìkan ló wà nínú yàrá tó háyà. Obìnrin aránṣọ tó ń gbé yàrá kejì ló kíyè sí i pé kò ṣí ilẹ̀kùn láàárọ̀, òun náà ló sì ránṣẹ́ sí mi, nítorí kò mọ ẹlòmíràn tí òun lè ránṣẹ́ sí. Mo ti sin àbúrò mi. Mo ti sin ìyàwó tèmi. Mo rò pé mo ti mọ bí òkú ṣe ń wúwo tó lọ́rùn ẹni tó bá ṣẹ́kù. Òkú yìí wúwo ju tiwọn lọ, nítorí láti ọdún méjìlélógún ni ẹbí wa ti ń pe obìnrin yìí ní ẹni tó fi àìbìkítà pa ọkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ èmi tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí mọ̀ pé kì í ṣe òun. Èmi ni. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó sì ti rẹ̀ mí. Ẹ̀yin ọmọ ẹbí, àti ẹ̀yin tí ẹ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi, ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì láti ìgbà náà kò dà nínú mi. Mo ń bì í báyìí, kí ẹ gbọ́ ọ nígbà tí ẹnu mi ṣì lè sọ ọ́.

Iṣẹ́ gígé gásíkẹ́ẹ̀tì ni mo fi jẹun láyé mi. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ohun pẹlẹbẹ kan ni, tí à ń fi sí àárín irin méjì kí epo, omi tàbí ooru má bàa rí ibi gbà jáde. Mẹkáníìkì á gbé orí ẹ́ńjìnnì wá, màá tẹ́ páálí sórí rẹ̀, màá máa fi òòlù kékeré gbá etí irin náà jẹ́jẹ́ títí ojú ibi tó yẹ kí n gé á fi hàn lára páálí, lẹ́yìn náà ni màá mú sísọ́ọ̀sì. Ohun tí mo bá gé kì í jò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Kò-jò. Àwọn oníbàárà mi máa ń sọ pé bí òrùlé ilé àwọn bá ń jò, Kò-jò làwọn ó pè, kì í ṣe káfíńtà. Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn ju èyí tí bàbá mi sọ mí lọ, ibẹ̀ sì ni ìyà ti wọlé. Ẹni tí wọ́n bá ń pè ní Kò-jò kì í fẹ́ gbọ́ pé nǹkan kan lè jò lọ́wọ́ òun.

Àbúrò mi ń tún fíríìjì ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ dùn, kò sì sí ohun tí kò lè fi páìpù bàbà ṣe. Nígbà tí iṣẹ́ fíríìjì dín kù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sè ọtí líle nínú kíṣìnnì tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀. Ó ra ìkòkò irin ńlá kan tí wọ́n fi ń gbé wàrà tẹ́lẹ̀, ó lu ihò sí ìdérí rẹ̀, ó so páìpù bàbà mọ́ ọn, ó sì gbé páìpù náà gba inú garawa omi tútù kọjá. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù, tí òun pẹ̀lú ṣúgà ti kan, ló ń sè. Bí iná bá mú un, ooru ọtí á gba inú páìpù, á dé inú omi tútù, á sì máa kán sínú ìgò. Ibì kan ṣoṣo ló ṣòro, etí ìdérí. Ooru ọtí kì í ṣe ooru omi. Bó bá rí àlàfo bín-ín-tín, á gba ibẹ̀ jáde lọ bá iná nísàlẹ̀, iná kì í sì í bá a ṣeré. Ìyàwó rẹ̀ ló ń dí etí náà. Á fi omi po ìyẹ̀fun, á fọwọ́ yí i gbọọrọ bí okùn, á tò ó yí ẹnu ìkòkò ká, wọ́n á gbé ìdérí lé e, wọ́n á fi ìdè irin dè é. Bí ìkòkò bá ṣe ń gbóná ni ìyẹ̀fun náà á máa gan. Bó bá sán níbì kan, á fi ọwọ́ tútù lẹ̀ ẹ́ pa dà. Bí wọ́n bá sè é tán, á fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha á kúrò, nígbà mìíràn á tún po òmíràn. Àbúrò mi máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó òun ń dí ìkòkò bí ẹni ń dirun fún ìyàwó tuntun, àti pé kí ó tó parí, ọtí á ti sùn.

Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù pé òun ń fẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì tí yóò máa wà níbẹ̀ títí, kí ìyàwó òun lè sinmi. Ó ní ọkùnrin tó ta páìpù fún òun ti kìlọ̀ pé kí òun má fi rọ́bà tí òun kò mọ̀ sí i, torí ọtí gbígbóná a máa wọ inú nǹkan, a máa fa ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde. Ìyẹ̀fun dára, kọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń dí ẹnu ìgò dára, ṣùgbọ́n ike funfun kan tó ń yọ̀ bí ọṣẹ, tí wọ́n ń pè ní tẹ́fílọ́ọ̀nù, ló dára jù. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fún un ní rọ́bà, kó gé díẹ̀ nínú rẹ̀, kó rẹ ẹ́ sínú ọtí tó le jù lọ, kó fi í sílẹ̀ nínú ìgò fún ọ̀sẹ̀ kan, kó wá wò ó bóyá ọtí náà yí àwọ̀, bóyá rọ́bà náà wú tàbí ó súnkì. Àbúrò mi ti gbé ìgò ọtí náà dání. Ó gbé e lé orí tábìlì mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Inú bí mi. Mo bi í pé ta ló ni iṣẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì, èmi tàbí ẹni tó ń ta páìpù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Iṣẹ́ yín ni. Ẹ sáà bá mi rẹ ẹ́ wò.” Mo ní kó máa lọ, pé màá rẹ ẹ́.

Mi ò rẹ ẹ́. Wẹ́dà, ajórin tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara kan tèmi, yọjú ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó rí ìgò, ó bi mí pé kí ló wà nínú rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní, “Kò-jò, ṣé rọ́bà ni yóò wá mu gbogbo èyí tán, tí àwa méjèèjì á máa fi ọ̀fun gbígbẹ wò ó?” A rẹ́rìn-ín. A bu díẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìgò ti gbẹ. Mo dán rọ́bà náà wò ní ọ̀nà tèmi o, kí ẹ má bàa rò pé mi ò ṣe nǹkan kan rárá. Mo sè é nínú omi, kò yẹ̀. Mo rẹ ẹ́ sínú epo ẹ́ńjìnnì, mo rẹ ẹ́ sínú pẹtiróòlù, kò yẹ̀. Ohun tó ń ba gásíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ nínú iṣẹ́ wa nìyẹn, ooru, epo àti omi, mo sì gbà lọ́kàn mi pé ohun tó bá borí mẹ́ta yìí ti borí gbogbo ayé. Rọ́bà dúdú tó nípọn ni. Mo ní tẹ́fílọ́ọ̀nù díẹ̀ nínú àpótí, ṣùgbọ́n bí mo bá mú un, ó máa dà bí ẹni pé ẹni tó ń ta páìpù ló kọ́ mi níṣẹ́. Mo gé rọ́bà náà roboto, kò sí ibi tó wọ́. Bí ẹ bá rí i, ẹ ó yìn mí.

Nígbà tí àbúrò mi padà wá, ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ pa á wò, inú rẹ̀ dùn. Lẹ́yìn náà ló bi mí.

“Ẹ rẹ ẹ́, àbí?”

“Mo rẹ ẹ́.”

“Ó pé ọ̀sẹ̀ kan?”

“Ó lé.”

“Ọtí náà ò yí àwọ̀?”

“Ó mọ́ gaara bó o ṣe gbé e wá.”

Irọ́ kì í dá wọlé. Bó bá ti rí àga jókòó sí, á ránṣẹ́ pe àwọn àbúrò rẹ̀. Wẹ́dà wà níbẹ̀ tó ń nu irinṣẹ́ rẹ̀. Ó wojú mi, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rẹ́rìn-ín sínú. Àbúrò mi tẹríba, ó dúpẹ́, ó fi bébà wé rọ́bà náà bí ẹni wé ẹ̀bùn, ó lọ.

Ọtí àkọ́kọ́ tí wọ́n fi rọ́bà yẹn sè ń rùn. Ìyàwó rẹ̀ bu díẹ̀ wá fún mi nínú ife, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbóòórùn rẹ̀ wò. Ṣọ́ọ̀bù yín ló ń rùn.” Àwọ̀ rẹ̀ ti ń pọ́n díẹ̀ bí omi tíì tí kò ki. Ojú mi rí i. Mo ní rọ́bà tuntun ni, kí wọ́n fi se omi lásán lẹ́ẹ̀mejì, òórùn á lọ. Ó ní bóyá kí òun padà sí ìyẹ̀fun òun. Mo ní, “Ìyàwó, àbí inú ń bí ọ pé mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ?” Àbúrò mi tó tẹ̀ lé e wá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Òun náà rẹ́rìn-ín, nítorí kò fẹ́ dójú ti ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ lónìí ni pé òróró tí wọ́n fi ń mú rọ́bà rọ̀ ni ọtí gbígbóná ń fà jáde díẹ̀díẹ̀, tó sì ń bá ọtí náà lọ sínú ìgò. Bí ìkòkò bá tutù, rọ́bà á le sí i, á sì súnkì sí i. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé ìdè irin ń dẹ̀. Mo ránṣẹ́ padà pé kí wọ́n fún un mọ́ra, pé gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun máa ń jókòó ni. Kò sí ohun tí wọ́n bi mí tí mi ò ní èsì fún.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, tí wọ́n ń sè é, ni iná sọ. Ẹnì kan kanlẹ̀kùn níwájú ilé, ìyàwó lọ dá a lóhùn. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sídìí garawa láti wò ó bóyá omi tútù ti ń gbóná. Etí ìdérí tú ooru síta lápá ọ̀dọ̀ iná, ooru náà sì gbiná. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà sọ pé ìró kan ṣoṣo ni òun gbọ́, bí ìgbà tí wọ́n gbá aṣọ tútù mọ́ ògiri. Ìyàwó sáré wọlé, ó fi ọwọ́ méjèèjì wọ́ ọkọ rẹ̀ jáde. Àpá iná ọjọ́ náà kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ títí a fi sin ín. Kí n tó dé, wọ́n ti gbé àbúrò mi lọ sí ilé ìwòsàn, gbogbo èèyàn ti tẹ̀ lé e. Èmi nìkan ni mo wọ kíṣìnnì. Ìdérí ti ṣubú. Rọ́bà mi wà lẹ́nu ìkòkò, ó le koko bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà tó ti gbẹ, ó sì ti súnkì lápá kan débi pé ìka mi kọjá láàárín òun àti irin. Mo dúró. Ó yẹ kí n ké. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ká a kúrò, mo tì í bọ àpò ṣòkòtò mi, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí itan mi. Mo jù ú sáàárín àwọn ègé rọ́bà tí mo fẹ́ kó dànù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo sì dáná sun gbogbo rẹ̀ pọ̀. Wẹ́dà rí mi. Ó ní, “Kò-jò, èyí ò dáa o.” Mo tún koná sí i. Ó fọwọ́ nu ẹnu, ó ní, “Ó dáa, mi ò rí nǹkan kan. Èmi náà mu nínú ìgò yẹn.”

Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn, wọ́n ti fi aṣọ funfun wé e láti orí dé àyà. Ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun lọ. Ó ní kí ìyàwó òun jáde díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pè mí súnmọ́ra.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rẹ rọ́bà yẹn lóòótọ́?”

Kò bínú. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni, bí oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe máa ń fẹ́ mọ ibi tí iṣẹ́ ti wọ́. Mo ní, “Mo rẹ ẹ́.”

“Ó dáa,” ló wí. “A jẹ́ pé àwa la ò dè é dáadáa.”

Ọjọ́ kejì ló kú. Ó gbé ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ lọ láìjanpata, bí ìgbà tí ẹ̀gbọ́n bá gbé ẹrù lé àbúrò lórí tí àbúrò ò bi í pé kí ló wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àbúrò bàbá wa tó jẹ́ olórí ẹbí pe gbogbo wa jọ sí pálọ̀ rẹ̀. Ó bi ìyàwó pé báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú báńdéèjì. Ó sọ ọ́ bó ṣe rí: pé rọ́bà kan wà lẹ́nu ìkòkò, pé ó ti ń rùn, pé ìdè rẹ̀ ti ń dẹ̀, pé èmi ni mo gé e. Ẹbí yí ojú sí mi. Wọn ò tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nígbà náà. Ká ní mo sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, mo ṣàṣìṣe, wọ́n á sunkún, wọ́n á bá mi wí, a ó sì jọ máa gbé e. Ṣùgbọ́n mo rántí orúkọ tí wọ́n ń pè mí. Mo ní, “Rọ́bà wo? Ìyẹ̀fun ni wọ́n ń lò. Òun ló ń pò ó.” Àwọn tó ti lọ wo kíṣìnnì ní àwọn ò rí rọ́bà kankan níbẹ̀. Ìyàwó wò mí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ gé e. Ẹ̀yin lẹ ní kí n fi se omi lẹ́ẹ̀mejì.” Mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá a lóhùn pé, “Ìyàwó, ìbànújẹ́ ló dà ọ́ lórí rú. Kò sẹ́ni tó ń bá ọ jà.” Ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn ló ba ayé rẹ̀ jẹ́. Ká ní mo jágbe, wọ́n á fura. Olórí ẹbí wá bi í pé níbo ló wà nígbà tí iná sọ. Ó ní òun wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá àgbà kan láàárín wa ní, “Ó fi iná sílẹ̀, ó lọ ń tàkúrọ̀sọ lẹ́nu ọ̀nà.” Gbólóhùn yẹn ni gbogbo wọn mú lọ sílé. Wọ́n ní ọmọkùnrin rẹ̀, tí kò ju ọmọ ọdún méje lọ, kò gbọdọ̀ máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Wọ́n fà á lé mi lọ́wọ́, mo sì gbà á. Wọ́n ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Èmi rí obìnrin kan tó bá mi ru tèmi.

Mo tọ́ ọmọ náà. Mo rán an níléèwé, mo jókòó tì í nígbà àìsàn, mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ ọ bí a ṣe ń di ohun èlò mú. Ẹ má fi ìyẹn gbè mí. Ẹni tó jí ewúrẹ́ gbé tó ń fún un ní koríko, olè náà ni. Ìyá rẹ̀ máa ń wá wò ó níbẹ̀rẹ̀, á jókòó sí etí àga bí àlejò tí kò ní pẹ́. Àwọn ọmọ ẹbí yòókù ti ń sọ ohun tí wọ́n ń sọ sí ọmọ náà létí, ó sì ti ń yẹra fún un. Nígbà tó tó bí ẹni ọdún mẹ́rìnlá, ìyá wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Kò jókòó. Ó ní, “Mi ò wá jà. Ẹ má sọ fún ẹbí, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ mi nìkan ni kẹ́ ẹ sọ fún. Kò kí mi mọ́.” Mo ní màá rò ó. Mo mú sísọ́ọ̀sì mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ọn, mi ò gbójú sókè títí ó fi lọ.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ọmọ náà bi mí ní tààrà, níbi tí a ti ń jẹun, pé, “Bàbá, ṣé lóòótọ́ ni pé màmá mi ló pa dádì mi?” Ohun tó burú jù lọ tí mo ṣe láyé mi nìyí. Nígbà tí mo gé rọ́bà, ìgbéraga ló ń tì mí. Ní pálọ̀ ẹbí, ẹ̀rù ló ń tì mí. Lọ́jọ́ yìí, kò sí ohun kan tó ń tì mí. Àwa méjèèjì nìkan la wà níbẹ̀, ọmọ náà sì fẹ́ kí n sọ pé rárá. Mo rí i lójú rẹ̀. Mo gbé òkèlè mì. Mo ní, “Kò mọ̀ọ́mọ̀. Má bínú sí i púpọ̀.” Mo fi àánú wé irọ́ náà, ọmọ sì gbé e mì bí oògùn tí wọ́n fi ṣúgà bò. Láti ìgbà yẹn, bí ìyá rẹ̀ bá ti gba iwájú wọlé, á gba ẹ̀yìn jáde. Nígbà tó yá, obìnrin náà kò wá mọ́.

Ọmọ náà ti di géńdé báyìí, iṣẹ́ wáyà iná ló ń ṣe, ó sì ti fẹ́yàwó. Nígbà tí mo ránṣẹ́ sí i pé ìyá rẹ̀ kú, ó ní kí a máa sin ín lọ, pé òun ò ní lè wá. Èsì yẹn ló gbé mi dìde. Mo ti fi irọ́ gba ìyá rẹ̀ láàyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé màá tún gba òkú rẹ̀? Mo lọ bá a ní ilé rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú. Ìyàwó rẹ̀ ń fi áyọ̀ọ̀nù lọ aṣọ, ó fẹ́ jáde fún wa, mo ní kó jókòó kí òun náà gbọ́. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́ yìí: ìgò ọtí, Wẹ́dà tó ti dolóògbé, àpò ṣòkòtò mi, òkèlè tí mo gbé mì. Kò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí mo parí, ohun kan ṣoṣo ló bi mí.

“Ọjọ́ tí màmá mi wá sí ṣọ́ọ̀bù yín, aṣọ wo ló wọ̀?”

Mo rò ó títí. Mo ní, “Mi ò rántí. Mi ò wò ó.”

Ó mi orí. Ó ní kí ìyàwó òun bá òun wá bàtà dúdú òun. Ó rìn síwájú mi dé ibi ìsìnkú, òun ló sì gbé pósí lápá ibi orí. Láti ìgbà náà kò pè mí ní Bàbá mọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ń pè mí. Kò ṣì í pè. Ohun tí mo jẹ́ sí i nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi, mo kọ́ yín bí a ṣe ń gé, mi ò kọ́ yín bí a ṣe ń sọ pé mi ò mọ̀. Ohun tí yóò bá fara kan ọtí gbígbóná, ọtí ni kí ẹ fi dán an wò, ẹ má fi epo dán an wò kí ẹ wá máa yan. Ẹni tó bá ní kí ẹ rẹ ẹ́, ẹ rẹ ẹ́. Bí ẹ kò bá rẹ ẹ́, ẹ sọ pé ẹ ò rẹ ẹ́. Ìtìjú rẹ̀ kò ju ọ̀sán kan lọ. Ẹ̀yin ẹbí, mi ò ní kí ẹ foríjì mí. Ẹni tó ni ìdáríjì náà ti lọ, ẹ̀yin ò sì lè bá a fún mi. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ má pe obìnrin yẹn ní ohun tí mo sọ ọ́ dà mọ́. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín tí wọ́n ti gbọ́ ti àkọ́kọ́. Àwọn tó bá ṣì wà láàyè nínú àwọn tó jókòó ní pálọ̀ yẹn, ẹ lọ dúró níbi sàréè rẹ̀, kí ẹ fi ẹnu yín sọ ọ́.

Èmi àti ọmọ rẹ̀ la jọ palẹ̀ yàrá rẹ̀ mọ́. Ohun tó fi sílẹ̀ nìyí: ibùsùn onírin kan, tìmùtìmù tí wọ́n ti rán lójú méjì, aṣọ mẹ́fà, ọ̀kan nínú wọn kò tíì kan ara, bàtà ẹsẹ̀ méjì, àti sálúbàtà tí a bá lẹ́nu ọ̀nà, ìkòkò kékeré kan, abọ́ kan, ṣíbí kan, rédíò tí kò ní bátìrì, awò ojú tí wọ́n fi òwú so apá rẹ̀ kan, kọ́kọ́rọ́ ilé tó ti gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ilé tí ẹlòmíràn ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́, àga onígi méjì tó kọjú síra wọn, ìjókòó ọ̀kan ti tẹ̀, ti èkejì ṣì rí bí ọjọ́ tí wọ́n rà á.